Ẹ̀tọ́ Ajagunfẹ̀yìntì: Àmì Ẹ̀yẹ Kò Lágbára Ju Ìwé Rẹ̀ Lọ

Ẹni tí ó bá gbéra láti Ring Road, ní àárín gbùngbùn ìlú Benin, tí ó sì kọjú sí ọ̀nà Sakponba, kò ní tíì rìn jìnnà kí ó tó kan ẹnu ọ̀nà Igun. Àdúgbò àwọn tí ń rọ idẹ ni Igun. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń rọ idẹ fún ààfin Ọba. Nínú àwọn pátákó idẹ tí wọ́n rọ ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì kó lọ ní ọdún 1897, àwòrán àwọn jagunjagun pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá wò wọ́n dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe ojú àti idà wọn nìkan ni oníṣẹ́ náà rántí. Ó rántí eyín ẹkùn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ó sì rántí agogo tí ó so mọ́ wọn láyà. Ohun tí jagunjagun fi ń yàtọ̀ sí ará ìlú ni, a kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀.

Bí oníṣẹ́ bá gbàgbé agogo kan, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí ó yọ́ idẹ náà kí ó sì tún un rọ. Ìwé ìjọba kò le tó idẹ. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ lè tún un kọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ajagunfẹ̀yìntì tí ó ti gbìyànjú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ òkèèrè, ni ó ti rí i pé nígbà mìíràn idẹ a máa yára rọ̀ ju ìwé lọ.

Bí ọ̀nà Sakponba bá ti ń lọ síwájú kúrò ní ìhà Igun, a ó dé Upper Sakponba, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ikpoba-Okha. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ni, níbi tí Ẹdó, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá ti jọ ń gbé. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, káàkiri Nàìjíríà, ni àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì máa ń gbé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde ní bárékè. Bí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní bá kò, wọn a mú kóòtù wọn jáde, wọn a sì so àmì ẹ̀yẹ mọ́ àyà. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní parí ní ọdún 1918, ni a ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú tẹ́lẹ̀. Nàìjíríà yí i padà sí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé wa parí ní ọdún 1970.

Àwọn ènìyàn a máa wo àmì ẹ̀yẹ wọ̀nyí bí ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú fáìlì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwé náà ni ó ń sọ irú ogun tí ẹni náà jà, ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó jáde, ipò tí ó dé, àti bóyá ó jáde pẹ̀lú iyì tàbí pẹ̀lú àbùkù. Lórí ìwé yìí kan náà ni owó ìfẹ̀yìntì dúró lé, òun náà ni opó àti àwọn ọmọ yóò dì mú nígbà tí baálé bá kú. Nítorí náà, bí ajagunfẹ̀yìntì bá kọ̀wé pé kí a tún àkọsílẹ̀ ẹ̀yẹ òun ṣe, kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí, kì í sì í ṣe pé ó ń tọrọ àánú. Ó ń béèrè pé kí ìwé sọ òtítọ́ nípa òun.

IDẸ TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn baba wa tí wọ́n lọ sí ogun Bọ́mà. Láàárín ọdún 1943 sí 1945, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ju 80,000 lọ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó kọjá òkun lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáánì jà. Ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì ni wọ́n pín wọn sí, èyíinì ni Ẹgbẹ́ 81 àti Ẹgbẹ́ 82. Àmì aláǹtakùn dúdú ni Ẹgbẹ́ 81 ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Láti Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ti wá. Àwọn yòókù wá láti Góòlù Kóòsì tí ó di Gánà, láti Sàró àti láti Gáḿbíà. Ẹrù orí ni wọ́n fi ń ru oúnjẹ àti ọta kọjá nínú igbó kìjikìji tí ọkọ̀ kò lè wọ̀.

Àmì ẹ̀yẹ tí a mọ̀ mọ́ ogun yìí jù lọ ni Ìràwọ̀ Bọ́mà. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ẹnu mẹ́fà, aláwọ̀ búlúù, pupa àti ọsàn sì ni rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi so ó rọ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ogun nínú ilẹ̀ Bọ́mà, ìbáà ṣe ọjọ́ kan péré, láàárín ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1941 sí ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ wá wò ó: ọmọ ìyá méjì lè wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà kúrò ní Èkó, kí wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Íńdíà, kí wọ́n fi ọ̀kan sí ibùdó ìkẹ́rùsí tí ó jìnnà sí ojú ogun, kí ìkejì sì kọjá odò wọ Bọ́mà. Àmì tí wọn yóò gbà kò ní dọ́gba. Bí akọ̀wé bá wá ṣi ọjọ́ kan kọ, tàbí tí kò kọ ọ́ rárá pé wọ́n ti gbé ọmọ ogun náà kúrò ní ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn, ẹ̀yẹ rẹ̀ ti sọnù nìyẹn.

Ohun mìíràn tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé àwọn ìràwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ogun àgbáyé kejì kò ní orúkọ ẹni tí ó gbà wọ́n lára. Ní ti ogun àgbáyé kìn-ín-ní, wọ́n ti fín orúkọ àti nọ́ńbà ọmọ ogun sí etí àmì ẹ̀yẹ rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Nítorí náà, ìràwọ̀ tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà kò lè jẹ́rìí fún un. Bí olè bá jí i, ẹni tí ó rà á lè so ó mọ́ àyà láìsí ẹni tí yóò dá a mọ̀. Fáìlì tí ó wà lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ni ó mọ ẹni tí ó ni ín, fáìlì náà sì wà ní ibi tí bàbá kò lè dé.

Ìtàn olóògbé Isaac Fadóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fi èyí hàn kedere. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942. Wọ́n kọ́ ọ ní ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Bọ́mà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáánì ba dè wọ́n ní etí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan tí ń jẹ́ David Kagbo ni wọ́n ṣẹ́kù síbẹ̀, àwọn ará abúlé kan sì fi wọ́n pa mọ́, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ fún oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá. Ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án náà, kò sí akọ̀wé ológun tí ó lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ó padà sí ilé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì jókòó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ìwé náà jáde ní ọdún 1999. Ó kú ní ọdún 2012. Bí kò bá kọ ọ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ ni ì bá wà ní ibi tí oṣù mẹ́sàn-án náà yẹ kí ó wà.

Kódà, àwọn òkú ogun kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe ìwé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì gbé ìwádìí kan jáde, ó sì tọrọ àforíjì. Ìwádìí náà fi hàn pé, nínú àwọn tí ó kú nínú ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibikíbi fún ìrántí, tàbí tí a kò rántí wọn rárá. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ṣe àṣìṣe.

ÀWỌN TÍ WỌ́N BÉÈRÈ, TÍ A FI ỌTA DÁ LÓHÙN

Kì í ṣe pé àwọn ológun náà dákẹ́. Wọ́n béèrè. Ní Thiaroye, lẹ́bàá ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí wọ́n jà fún Faransé, tí Jámánì sì ti mú lẹ́rú, béèrè owó oṣù tí ìjọba Faransé jẹ wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn fún wọn. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ní ènìyàn 35 ni ó kú. Àwọn onítàn gbà pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọmọ ogun Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó wọn, títí kan Dàhòmì, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣakété tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá wa wà.

Àkọsílẹ̀ Faransé pe àwọn tí ó kú náà ní ọlọ̀tẹ̀. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn 80 ọdún, ìjọba Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fà nínú wọn kú fún ilẹ̀ Faransé, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Mẹ́fà péré ni. Ààrẹ Faransé sì gbà ní ọdún kan náà pé ìpakúpa ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye. Láti ọlọ̀tẹ̀ sí akọni, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìwé ni. 80 ọdún ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà gbà.

Ní Accra pẹ̀lú, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tí wọ́n ti Bọ́mà dé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Gómìnà nítorí owó ìfẹ̀yìntì àti iṣẹ́ tí a ṣe ìlérí rẹ̀ fún wọn. Wọn kò dé ibẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì kan yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta sì kú: Sájẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey. Ìrúkèrúdò tí ó tẹ̀lé e mì ìjọba amúnisìn jìgìjìgì, ọdún 9 lẹ́yìn náà ni Gánà gba òmìnira. Kí á má gbàgbé pé ìwé ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn mú lọ́wọ́, kì í ṣe ìbọn.

ÌDÁRÍJÌ YÀTỌ̀, ÀTÚNṢE ÌWÉ YÀTỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlú Benin. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo jẹ́ olórí fún gba afárá Asaba kọjá, wọ́n sì gba Benin àti gbogbo ìpínlẹ̀ Mid-West láàárín ọjọ́ kan. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ gbà á padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ yìí bá ara wọn ní ìhà kejì: àwọn kan fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì rèé, ilẹ̀ ló mọ́ wọn síbẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ó sì ṣe ìlú lóore. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í yí fáìlì padà. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jà fún Biafra padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn rí i lórí ìwé wọn pé a ti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín lílé àti ìfẹ̀yìntì kò kéré. Ẹni tí a lé ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì, àti ọdún tí ó fi sin ìjọba kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wọmi.

Ìdí tí ìdáríjì fi yàtọ̀ sí àtúnṣe ìwé hàn nínú ọ̀rọ̀ Gowon fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Gowon pé ó mọ̀ nípa ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n sì gba ipò ológun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ààrẹ Shehu Shagari dárí jì í ní ọdún 1981. Síbẹ̀, ọdún 1987, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Babangida, ni wọ́n tó dá ipò rẹ̀ padà fún un. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ó wà láàárín ìgbà tí a dárí jì í àti ìgbà tí ìwé tó gbà pé ọ̀gágun ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún olórí orílẹ̀-èdè tẹ́lẹ̀ rí, kí ni kọ́pùrà tí ń gbé yàrá kan yóò wí?

Ní ti àwọn tí wọ́n jà fún Biafra, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀gágun ní ìhà Ìjọba Àpapọ̀ nígbà ogun náà, kéde pé a ti sọ lílé tí a lé wọn di ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a yí padà. Nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan yẹn, ẹni tí ó ti jẹ́ arúfin fún 30 ọdún di ajagunfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí ogun parí ti di ẹni ọdún 55. Ẹni tí ó jẹ́ ẹni ọdún 45 ti di ẹni ọdún 75, bí ó bá ṣì wà láàyè. Ọmọ tí ìbá fi owó náà lọ ilé ẹ̀kọ́ ti dàgbà láìlọ. A dúpẹ́ pé àtúnṣe náà dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí 30 ọdún jẹ́ nínú ayé ènìyàn yóò mọ̀ pé kò dé tán.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ó yẹ kí àwọn òbí ní Benin àti ní ilẹ̀ Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ológun níbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Láti ọdún 1946 ni òfin ilẹ̀ náà ti fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe. Kí òfin náà tó dé, àfi kí ajagunfẹ̀yìntì wá aṣòfin tí yóò bá a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé aṣòfin. Àwọn tí ń jókòó sí ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe ológun. Òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni wọ́n, wọn kì í sì í dín ní mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan. Fọ́ọ̀mù kan ni ajagunfẹ̀yìntì yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, a ń pè é ní DD 149. Ọdún mẹ́ta ni òfin fún un láti ìgbà tí ó bá ti rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo ìyẹn bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó le ni pé ìgbìmọ̀ a máa kọ́kọ́ gbà pé ohun tí ìwé wí ni òtítọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé irọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn ológun sí nítòsí ìlú St. Louis. Fáìlì tí ó jóná lé ní mílíọ̀nù 16. Nínú ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n jáde láàárín ọdún 1912 sí 1960, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó ṣòfò. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ nílé wá di ẹni tí ń wá ẹ̀rí nínú eérú.

Ẹ gbọ́ ìtàn Sájẹ́ńtì Edward Carter, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Nígbà ogun àgbáyé kejì, kí ó tó lè lọ sí ojú ìjà gan-an, ó ní láti fi ipò sájẹ́ńtì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí sájẹ́ńtì dúdú pàṣẹ fún ọmọ ogun funfun. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1945, nítòsí ìlú Speyer ní Jámánì, ọta bà á ní ibi márùn-ún, síbẹ̀ ó pa mẹ́fà nínú àwọn ọ̀tá, ó sì fi méjì ṣe apata padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí ó tẹ̀lé èyí tí ó ga jù lọ. Ní ọdún 1949, nígbà tí ó fẹ́ tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí fún un. Ìfura pé ó ń bá àwọn kọ́múníìsì kẹ́gbẹ́ ni ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1963 pẹ̀lú ẹ̀gàn náà lọ́rùn.

Nínú gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí wọ́n jà nínú ogun náà, tí wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ nígbà náà. Ní ọdún 1993, ilé iṣẹ́ ológun ní kí àwọn onímọ̀ wádìí ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, Ààrẹ Clinton fi àmì ẹ̀yẹ náà dá àwọn méje lọ́lá. Carter wà nínú wọn. Nínú àwọn méje náà, Vernon Baker nìkan ni ó wà láàyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á.

Ìyàwó ọmọ Carter kò dúró níbẹ̀. Ó ń béèrè pé: bí bàbá bá jẹ́ akọni, kí ló dé tí wọ́n lé e? Ó béèrè títí wọ́n fi ṣí fáìlì náà, tí wọ́n sì rí i pé kò sí ẹ̀rí kankan fún ìfura náà. Ní ọdún 1999, ilé iṣẹ́ ológun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fún un ní àwọn àmì ẹ̀yẹ mìíràn tí ó tọ́ sí i, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìwà rere. Àmì ìwà rere kò tóbi rárá; ọmọ ogun tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìlẹ́bi ni wọ́n ń fún. Ṣùgbọ́n fún ìdílé Carter, àmì kékeré yẹn ni ó pa ẹ̀sùn ńlá rẹ́.

OHUN TÍ AJAGUNFẸ̀YÌNTÌ LÈ ṢE

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí fún ajagunfẹ̀yìntì ní Upper Sakponba, tàbí ní ibikíbi tí ó bá wà, kò lọ́jú pọ̀. Èkínní, kí ó mú ìwé ìjáde rẹ̀ kúrò nínú àpótí, kí ó sì kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ṣé bí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn? Ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa ni ó máa ń kọ orúkọ bí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn orúkọ ìlú ni wọ́n ń fi ṣe orúkọ bàbá fún ọmọ ogun. Bí orúkọ tí ó wà ní báńkì bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní fáìlì, ìyọnu ti dé. Ìbúra ní kóòtù ni a fi ń so orúkọ méjèèjì pọ̀, ojú bàbá ni ó sì dára kí ó ṣe é.

Èkejì, kí ó kọ nọ́ńbà ológun rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e láti ibì kan dé òmíràn sí inú ìwé kan, kí ọmọ kan nílé sì mọ ibi tí ìwé náà wà. Ẹ̀kẹta, bí ó bá ń béèrè àtúnṣe, kí ó sọ àṣìṣe kan pàtó: “Ẹ fi ọjọ́ báyìí sílẹ̀”, “Ẹ kò kọ àmì báyìí”. Ìwé tí ó kún fún ìbínú, tí kò sọ ohun tí a ó ṣe, a máa sùn sórí tábìlì. Kí ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́, kí ó má ṣe fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ó wá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí tí ó ti kú kò lè wí nǹkan kan.

Fún àwọn tí bàbá wọn lọ sí Bọ́mà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì àmì ẹ̀yẹ kan tí ń gba ìbéèrè lórí àmì ogun àgbáyé kejì tí ẹni tí ó ni ín kò gbà rí, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ àrólé tí òfin mọ̀. Fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n yẹ ìwé ìjáde wọn, tí a ń pè ní DD 214, wò fínnífínní kí wọ́n tó bu ọwọ́ lù ú. Ó rọrùn láti tún ìwé ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ju ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajagunfẹ̀yìntì nìkan ni iṣẹ́ wà fún. Akọ̀wé tí ìwé bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú rẹ̀ ní láti mọ̀ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe bébà lásán. Ọdún tí ẹnìkan fi sùn nínú kòtò, tí ó fi ru ọta lórí, tí ó fi sin ọ̀rẹ́ sí ilẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ni ó wà nínú fáìlì yẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Orílẹ̀-èdè tí ó bá gba ìgbà èwe ènìyàn, tí kò sì lè kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, kò tíì dúpẹ́.

Ní Igun, wọ́n ṣì ń rọ idẹ títí di òní. Agogo tí ó wà láyà àwọn jagunjagun ìgbà láéláé kò tíì já, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn nípa sí ilé. Bí àwọn baba ńlá wa, tí wọn kò ní fáìlì tí wọn kò sì ní òǹtẹ̀, bá lè fi ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kọ ẹ̀yẹ ológun sí ara idẹ, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti kọ ọ́ sí orí ìwé, kí a sì kọ ọ́ nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì lè kà á.